Iye Èèyàn Abà Adéríbigbé

Odidi iṣu mẹ́ta ni Àtinúkẹ́ bẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kún ìkòkò dé ẹnu. Ẹni tó bá rí i á rò pé ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló kù ní Abà Adéríbigbé, lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti parí. Ilé mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣì ń wá sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ ti palẹ̀ mọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti Sátidé, torí ìjọba ń ka èèyàn. Wọ́n ní ilé là ń kani sí, a kì í kani sóko. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo ló máa gbà kí wọ́n kọ òun mọ́ igbó?

Dúrósinmí ọmọ rẹ̀ nìkan ló ṣèlérí. Télọ̀ ni ní Takie, nínú Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun á kó ìyàwó àti àwọn ọmọ wá (ẹ má bèèrè iye wọn o), kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ìyá òun. Wọ́n ti kéde pé abà tí kò bá pé èèyàn márùn-ún, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé, wọ́n á kà á mọ́ Ìkòyí-Ilé. Adéríbigbé tó ni orúkọ yìí, ọkọ Àtinúkẹ́ ni. Ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ta ló tún kù tó ń pè é, yàtọ̀ sí ìwé?

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó gbọ́ aago kẹ̀kẹ́, ó sáré jáde. Dúrósinmí kọ́. Ebenezer ni, akọ̀wé tó ń ka èèyàn, òógùn ti bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ kú ilé, ó sì jíṣẹ́ kó tó sinmi. Ó ní òun yà ní ṣọ́ọ̀bù Dúrósinmí. Wọ́n ti ka Dúrósinmí àti ará ilé rẹ̀ ní Takie lánàá. Aṣọ Iléyá ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìyá má bínú.

Àtinúkẹ́ ní kò burú. Irọ́ ni, ó dùn ún wọ egungun.

Ebenezer wo àwọn ilẹ̀kùn tó wà ní títì, ó wo ìkòkò iṣu. Àánú ṣe é. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ wọn.

"Ìyá, ẹ ṣáà dárúkọ Dúrósinmí àti ará ilé rẹ̀. Màá kọ ọ́ pé ibí ni wọ́n sùn. Orúkọ Bàbá ò ní parẹ́."

Àtinúkẹ́ la ẹnu láti dárúkọ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ yẹn wá tó tún padà, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Dúrósinmí, tí wọ́n ń fi orúkọ bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi Àtinúkẹ́ pé ọmọ mélòó ló bí, á yí ọ̀rọ̀ padà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èyí tí wọ́n kà ní Takie gan-an ti ń bà á lẹ́rù. Kí òun tó bí i wá fẹnu ara òun kà á lẹ́ẹ̀kejì? Ó bojú wẹ̀yìnkùlé. Adéríbigbé, dárí jì mí, ló wí nínú ara rẹ̀.

"Èmi nìkan ni," ló sọ fún akọ̀wé. "Kọ ẹnì kan."

Ebenezer tún bi í. Kò yí i padà. Akọ̀wé bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn, ó jẹ ègé iṣu méjì torí pé ìyá ò jẹ́ kó lọ lásán, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Àtinúkẹ́ jókòó ti ìkòkò, ó ń ka èyí tó kù. Iṣu ò ní èèwọ̀. Mẹ́tàdínlógún. Ó mú ẹyọ kan, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí òun fi gbogbo ẹnu bẹ̀ pé kó dúró ti dúró. Kò kàn rántí bẹ̀ ẹ́ pé ọ̀dọ̀ òun ni kó dúró sí.