Ẹ̀gbẹ́ Kejì Gíláàsì

“Mo ti mú un.”

Rọ́bọ́ọ̀tì náà wí i lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n Bàbá Onígíláàsì kò jọ̀wọ́ ẹ̀gbẹ́ tó dì mú. Gíláàsì fèrèsé náà ga ju èèyàn lọ. Rọ́bà roboto mẹ́rin tó wà lórí apá irin fà mọ́ ọn lápá kan, ìka mẹ́wàá tó ti le bí igi gbígbẹ dì í mú lápá kejì. Òógùn ń kán sí bàbá lójú, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi nù ún.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni pé ẹni iwájú yóò gba ìwúwo gíláàsì, yóò ní “mo ti mú un,” ìgbà náà lẹni ẹ̀yìn á tó tú ọwọ́ sílẹ̀ láti lọ ṣí férémù tí gíláàsì yóò wọ̀. Ọdún mọ́kànlélógún lòun àti àbúrò rẹ̀ fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n sin àbúrò lóṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ̀rọ yìí ni wọ́n gbé wá dípò rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

“Bàbá, ẹ fi lé e lọ́wọ́ o!” Awakọ̀ tó ń kó páálí wọlé ló ń pariwo. “Ẹni tí kì í jẹun, tí kì í tọ̀, ẹ tún ń bá a jìjàdù iṣẹ́!”

“Máa wa ọkọ̀ rẹ.”

Ọ̀gá wọn, obìnrin tí kò ju àkọ́bí bàbá lọ, kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Àtàárọ̀ lẹ ti ń gbé tiyín, tẹ́ ẹ tún ń gbé tirẹ̀. Ẹ̀yìn yín ò ní gbà á. Tí ẹ ò bá lè fi ẹyọ kan lé e lọ́wọ́ ká tó ṣíwọ́ lónìí, màá ní kẹ́ ẹ lọ máa sinmi nílé. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé yín jáde níbí.”

“Mo gbọ́.”

Kí ló fẹ́ lọ ṣe nílé? Kó máa wo ògiri, kí ògiri máa wò ó?

Kì í ṣe irin ló ń bà á lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ yẹn ni. “Mo ti mú un, Ẹ̀gbọ́n.” Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni àbúrò rẹ̀ ń wí i, títí dọ́jọ́ tó lò kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, dókítà ní àìsàn náà ti ń jẹ ẹ́ nínú fún ọdún kan gbáko. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àbúrò yìí kò tilẹ̀ dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀, irọ́ ló sì ń pa. Bàbá kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Oòrùn ti ń rọ̀ kó tó kan gíláàsì tó kẹ́yìn. Apá irin nà, rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá ń retí ọ̀rọ̀ tó mọ̀.

“Bàbá, mi ò tíì mú un. Rọ́bà kan ò lẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi sílẹ̀.”

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ó ti rẹ òun náà!”

Bàbá na ọrùn wò ó. Eruku páálí ló wà létí rọ́bà náà, bíńtín, ojú lásán kò lè tètè rí i.

“Ọ̀gá, bá mi nù ún.”

Ọ̀gá fi aṣọ nù ún.

“Ó ku díẹ̀,” ni rọ́bọ́ọ̀tì wí. Ọ̀gá tún nù ún, rọ́bà náà sì lẹ̀. “Ó ti tó. Mo ti mú un.”

Bàbá ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi sí ẹyọ kan lára gíláàsì mọ́. Gíláàsì kò mì.

Ó yẹ kó lọ ṣí férémù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló dúró sí. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlélógún yẹn, kò gbọ́ “mi ò tíì mú un” lẹ́nu àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àbúrò rẹ̀ náà kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?” ni ọ̀gá bi í.

“Kò sí” ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Ó rẹ̀ mí,” ló wí. “Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí.”

Ọ̀gá fa àpótí kan wá fún un, ó sì jókòó. Níwájú rẹ̀, apá irin gbé gíláàsì náà dání, ó ń dúró dè é.