Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwẹ̀ Inú Ọkọ̀

Ara ti tù mí báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ bá mi ni, bí ẹ bá kí mi pé "ẹ kú iṣẹ́" pàápàá, ǹ bá kanra mọ́ yín. Gbogbo ẹni tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi ló mọ̀ pé bí mo bá ti fi píìnì há ẹnu, kí wọ́n má bá mi sọ̀rọ̀. Láti kékeré ni ìyá mi ti gbàgbé orúkọ tó sọ mí. Ata ló ń pè mí.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi yìí ni mo fẹ́ sọ. Ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn èbúté ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi dàgbà. Aṣọ ibùsùn àwọn ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kó wá fún wọn ní òkìtì òkìtì. Wọn a fọ̀ ọ́, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a ká a, ọkọ̀ a sì gbé e lọ. Ìyá mi ò wọ ọ̀kankan rí nínú àwọn ọkọ̀ náà. Bí a bá bi í pé kí ló fẹ́ ká ṣe fún òun, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Mo fẹ́ sùn lórí aṣọ ibùsùn ọkọ̀, kí n jí, kí n má fọ̀ ọ́." A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, tó wá di pé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé a ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di àbámọ̀ sí wa lọ́rùn.

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ilé, á kọ́kọ́ wo ojú oníkálukú bóyá a ti dákẹ́. Ó ní ká gba yàrá fún ìyá nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá, èyí tó ní lífìtì àti ilé ìwòsàn nínú. Ìyá mi ní rárá.

"Ọkọ̀ tó tóbi tó ọjà? Ta ló máa mọ̀ mí níbẹ̀? Kékeré ni mo fẹ́, èyí tí ẹni tó ń gbé tíì bọ̀ á ti mọ̀ pé n kì í mu ṣúgà."

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì. Ó ní, "Wọ́n lè gbé ẹrù mi. Wọn ò ní gbé èmi. Bí mi ò bá lè dá wọ ilé ìwẹ̀, kí n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara mi, ẹ fi mí sílẹ̀ nílé mi."

A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nígbà tó wà ní ọsibítù, àwọn tí kò mọ̀ rí ló ń wẹ̀ ẹ́, ìlẹ̀kùn á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò ṣàròyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà tó ti dé ilé, bó bá ti wọ ilé ìwẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àwọn ilé iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ kékeré nìyẹn. Mẹ́ta ló kù sí wa lọ́wọ́, mo sì sọ oníkálukú ní orúkọ tó yẹ ẹ́.

Èyí àkọ́kọ́, Aláwòrán ni mo pè é. Mo béèrè bí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ wọn ṣe fẹ̀ tó, wọ́n fi àwòrán oòrùn tó ń wọ̀ ránṣẹ́. Mo tún béèrè, wọ́n fi àwòrán ọpọ́n ìwẹ̀ tí wọ́n da òdòdó sí ránṣẹ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ìgbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè mọ́ wọn lórí fóònù ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé òkè àtẹ̀gùn ni gbogbo yàrá wà, àti pé irin kan dábùú ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ kọjá, nítorí omi. Mo ní kí wọ́n máa wo oòrùn wọn.

Èkejì ni Ẹ-Má-Yọnu. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ń gbé fóònù wọn ṣe ń dáhùn ohun gbogbo. Ṣé nọ́ọ̀sì wà nínú ọkọ̀? Ẹ má yọnu. Ṣé pákó tí wọ́n ń gbà wọ ọkọ̀ ní ibi ìdìmú? Ẹ má yọnu, mà. Bí irin ìyá mi ò bá wá gba ẹnu ọ̀nà ńkọ́?

"Ẹ má yọnu rárá, mà. Àwọn ọmọ wa lágbára. Wọ́n á kàn gbé màmá báyìí ni, fìrì!"

Mo ní kó lọ gbé ìyá tirẹ̀ fìrì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohùn mi ti pọ̀ jù. Mo ní kò tíì pọ̀ tó.

Ẹ̀kẹta ni Onísùúrù. Ọkọ̀ tiwọn ti gbó díẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, yàrá ìjẹun wọn kò sì ju pálọ̀ èèyàn kan lọ. Àmọ́ nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ẹ̀bá èbúté ni wọ́n sì máa ń so ọkọ̀ mọ́ sùn lálaalẹ́. Yàrá kan wà níbẹ̀ tó bá ibi tí èèyàn ń gbà wọlé dọ́gba, kò sí àtẹ̀gùn, kò sí irin lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ń dá mi lóhùn kò sọ ohun tí kò mọ̀. Ó ní kí n dúró, ó mú téèpù, ó wọ inú ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó sì pè mí láti ibẹ̀. Mo gbọ́ tó fi orí gbá nǹkan.

"Yéè! Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ báyìí, mà. Ihò tí èèyàn ń gbà kọjá gan-an ni mo ń wọ̀n, mi ò ka férémù mọ́ ọn."

Yàrá bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ni wọ́n ní, ìdílé mìíràn sì ti ń béèrè rẹ̀. Ó ní òun á bá mi dì í mú di ìgbà tí wọ́n bá ń tilẹ̀kùn ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì.

Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ tí mi ò bá fojú rí. Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo ti tábìlì ṣọ́ọ̀bù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ, mo ya àwòrán yàrá náà sórí ilẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an. Pákó gígùn ni mo fi fa ògiri. Mo to páálí aṣọ, mo pè é ní ibùsùn. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ni mo yà kẹ́yìn, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, mo sì fi ọwọ́ lásán fà á láti ojú àmì kan sí èkejì.

Ìyá mi dé pẹ̀lú yẹtí létí, báàgì lọ́wọ́, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ó gun ẹṣin rẹ̀ wọlé. Ẹṣin ló ń pe irin yẹn, ó ní ẹni tó bá rí òun kó máa kí òun bí ẹni ń kí ìjòyè. Ó jókòó sórí páálí, ó ní ibùsùn náà dára, kìkì pé ó ń dún. Ó dìde, ó yí ẹṣin padà, ó kọjú sí ilé ìwẹ̀.

Ẹsẹ̀ irin náà tẹ ṣọ́ọ̀kì. Ó fà á sẹ́yìn, ó tún un tì, ó tún tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá, ṣọ́ọ̀kì lásán ni."

"Tíṣà, bó bá jẹ́ ògiri ńkọ́?"

Ó yí ẹṣin rẹ̀ padà, ó ní, "Ó ti tó. Ẹ gbé mi lọ sílé." Nínú mọ́tò, ó bọ́ yẹtí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó o sínú báàgì, ó sì pa báàgì náà dé. Ó dùn mí wọnú eegun.

Nígbà tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ti sọ fún ẹ látilẹ̀. Pe obìnrin yẹn, kó fún àwọn tó ń dúró. Ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀."

"Bọ̀dá, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Kí wá ni oògùn rẹ̀?"

Mo ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Mi ò lè pe obìnrin náà, mi ò sì lè pa ṣọ́ọ̀kì yẹn rẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì kan tí mò ń ránṣọ fún wá dán aṣọ rẹ̀ wò. Mi ò tíì ká etí ọrùn aṣọ náà. Ó gbé e wọ̀, orí rẹ̀ há síbẹ̀, ó ń jà nínú rẹ̀ bí adìẹ inú àpò, kó tó yọjú.

Ó ní, "Màdáámú, ọrùn yìí ti kéré jù. Ṣé ẹ wọ̀n mí dáadáa ṣá?"

Inú tó ti ń bí mi láti àná rí ojú ọ̀nà. "Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? A kì í gé ọrùn aṣọ tó bó ṣe máa rí. Kékeré là ń gé e, torí pé bí a bá ti ká etí rẹ̀ tán, á fẹ̀ sí i. Ihò yòówù tí mo bá fẹ́ gé, ọwọ́ mi á ti..."

Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì náà wà láàárín yàrá ìyá mi.

Mo já téèpù kúrò lọ́rùn, mo kúnlẹ̀, mo wọn ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Kò pé! Inú àmì ni ọwọ́ mi fa ilà sí, ó fi ìbú ìka kan dín níhìn-ín, ó fi ìbú ìka kan dín lọ́hùn-ún, bí mo ṣe máa ń gé ọrùn aṣọ gẹ́lẹ́. Ògiri pé, torí pákó ni mo fi fà á. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo fi ọwọ́ lásán fà, ọwọ́ náà sì ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira iṣẹ́ aránṣọ. Mo kígbe. Nọ́ọ̀sì rò pé píìnì ló gún mi, ó fẹ́ wá tọ́jú mi pẹ̀lú aṣọ tí apá rẹ̀ kan ò tíì sí.

Mo pe Onísùúrù, mo ní ẹ jọ̀ọ́, kó tún iye ẹnu ọ̀nà náà kà fún mi. Ó kà á. Mo fi aṣọ tútù pa ilà ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, mo fi pákó fa tuntun. Lẹ́yìn náà ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé kó gbé ìyá wá kíákíá.

Láìpẹ́, ó pè mí padà. "Ó ní òun ò bọ̀. Ó ní òun ò tún lọ há sínú ṣọ́ọ̀kì mọ́."

"Ẹ fún un ní fóònù."

Mo ṣàlàyé fún ìyá mi. 

"Ata. O gé ilé ìwẹ̀ mi bí ọrùn aṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń rín in, ó ń wúkọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń bi í pé kí ló dé. "Ọmọ yìí máa pa mí o! Ká ní mo bí ọ sídìí iṣẹ́ bíríkìlà ńkọ́, ṣé gbogbo ìlú ni ì bá há sẹ́nu ọ̀nà?" Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ dúró kí n wọ yẹtí mi."

Kí wọ́n tó dé, mo gbé àwọn aṣọ odidi méjì tí wọ́n ká mọ́ pákó gígùn, mo nà wọ́n ró sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ògiri. Nọ́ọ̀sì kọ̀, kò lọ sílé. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tó máa já sí.

Ìyá mi wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí páálí bí ti àná, ó dìde, ó yí ẹṣin rẹ̀ padà. Ó ti irin náà síwájú díẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Ó tún tì í. Irin náà gba àárín aṣọ méjèèjì kọjá, kò fara kan ọ̀kankan. Ìyá mi kọjá tẹ̀ lé e. Ó yí padà nínú ibẹ̀, ó kọjú sí wa.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Èémí tí mo ti dì mú láti àná jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bíi pé ẹnìkan bá mi tú okùn ìgbànú. Mo gbé fóònù, mo ní, "Ẹ bá mi kọ orúkọ ìyá mi síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Obìnrin náà ní òun ti ń retí mi, òun ò tíì ti ọ́fíìsì. Nọ́ọ̀sì ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé òun ti mọ̀ látilẹ̀ pé ṣọ́ọ̀kì lásán ni.

Ìyá mi ò kúrò lójú kan. Ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ ń wò? Ṣé ẹ ò rí i pé ilé ìwẹ̀ ni mo wà ni? Tíṣà, ti ìlẹ̀kùn."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú níbi tí kò sí ọwọ́ ìlẹ̀kùn, ó sì tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo wa wá kẹ̀yìn síbẹ̀, títí ìyá mi fi ní òun ti ṣe tán.