Àna Àfọwọ́rán

Ìyá Kóòtù mọ àna rẹ̀ dáadáa, àfi pé kò rí i rí. Odindi ọdún méjì ló fi ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ó ní ọkùnrin gidi ni, ó ga, kì í sọ ìsọkúsọ, ó sì ní irùngbọ̀n tó mọ níwọ̀n. Ibi tó ti rí irùngbọ̀n náà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Kóòtù àti ṣòkòtò ọkùnrin ni obìnrin yìí ń rán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló sì sọ di ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ni ẹnu rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà tó bá wá gba ṣòkòtò kan ṣoṣo kò ní kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ nípa àna.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un ló fẹ́ mú àna yìí wá. Obìnrin ni ọmọ náà, olùkọ́ ìṣirò ni ní ìlú mìíràn, kì í sì í dáhùn ju ohun tí wọ́n bá bi í lọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí fóònù, ohun tó wí kò ju pé, "Mọ́mì, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ràn." Ìyá Kóòtù ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń tún fìríìjì ṣe."

"Ṣé kì í mutí?"

"Kì í mutí."

"Ṣé kì í na èèyàn?"

"Háà, Mọ́mì. Kì í nà mí. Ó máa ń se oúnjẹ fún mi ni."

Ọkùnrin tó ń dáná! Ìyá Kóòtù jó yí ẹ̀rọ rẹ̀ ká. Ṣé ẹ wá rí èdè tiwa yìí? Èdè ọlọ́làjú ni. "Ó" kì í bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Kó wọ ṣòkòtò, kó wọ búláòsì, "ó" náà ni. Fún ọdún méjì ni ọmọ ń sọ pé ó ṣe tibí, ó ṣe tọ̀hún, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni gbogbo rẹ̀. Ìyá kàn ń fi irùngbọ̀n kún un ni.

Nígbà tí wọ́n wá dájọ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Kóòtù ní dandan ni kí òun rán kóòtù fún àna òun. Ó ní kí ọmọ fi ìwọ̀n ránṣẹ́. 

"Mọ́mì, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ṣé èmi ni mi ò mọ kóòtù rán ni? Fi í ránṣẹ́ jàre."

Ìwọ̀n dé lọ́jọ́ kejì. Àyà tóbi, ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí sì gbòòrò. Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin tó ti ń di téèpù mọ́ èèyàn láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ń wo nǹkan yìí o. Ẹni tí kò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìṣó ì bá ti fura. Ìyá Kóòtù bú sẹ́rìn-ín ni. Ó ní ọmọ òun mọ ìṣirò, kò mọ téèpù dì mú. Ó bá tún ọkùnrin náà ṣe: ó dín àyà kù, ó gé ìdí wálẹ̀, ó fi kún èjìká. Ó wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ padà pé, "Mo ti rí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán an."

Lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí Olóòótọ́ ti dé kí oòrùn tó mú. Àbúrò ọkọ Ìyá Kóòtù tó ti dolóògbé ni. Wọ́n ń pè é ní Olóòótọ́ nítorí pé ó máa ń sọ òótọ́ fún èèyàn, pàápàá tí wọn kò bá bi í. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo títì. Takisí kan dúró. Ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan tó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó wọ ṣòkòtò jíǹsì, tẹ̀ lé e, ó gbé báàgì dání. Ìyá Kóòtù kí ìyẹn kíákíá, ó sì yọjú wo inú ọkọ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì ní irùngbọ̀n.

"Àna mi!" Ìyá Kóòtù na ọwọ́ méjèèjì wọ ojú fèrèsé ọkọ̀. "Àṣé ẹ̀yin lẹ wa ọkọ̀ fúnra yín! Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tijú."

"Mọ́mì, owó mi ni mò ń dúró gbà," ni awakọ̀ takisí wí.

Obìnrin onírun kúkúrú ló sanwó. Ọmọ di ìyá rẹ̀ lápá mú. "Mọ́mì, òun nìyí."

"Òun wo?"

"Ẹni tí mo sọ fún yín. Ẹni tí mo fẹ́ràn."

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ tutù. Ìyá Kóòtù wo ojú rẹ̀, ó wo àgbọ̀n rẹ̀, ó tún un wò. Kò sí irùngbọ̀n kankan níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó ní kí wọ́n wọlé. Àǹtí Olóòótọ́ ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ló fà á. Ó ní ìwé àkàjù ló fà á. Ó ní òun ti ń wí láti ìgbà tí ọmọ yìí ti ń bá àwọn ọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní àìsàn ni, ó ní àṣà òkèèrè ni, ó tún ní oríkunkun lásán ni. Ó jọ pé ìdí kan ṣoṣo kò tó láti fi bínú.

"Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé," ó ń nawọ́ sí àlejò, "ta ló gbọ́ ọ rí pé obìnrin jẹ́ ọkọ obìnrin? Ta ló gbọ́ ọ rí?"

"Ẹ fara balẹ̀, ọkọ mi," ni Ìyá Kóòtù wí fún un.

 Ohun tó ti ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn, bí gbogbo ìyàwó ilé ṣe ń pè é, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ ṣàìsàn. Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọmọ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyẹn yàtọ̀," ni Àǹtí Olóòótọ́ wí.

"Báwo ló ṣe yàtọ̀, Àǹtí?" ni ọmọ béèrè.

"Ó yàtọ̀ nítorí pé... Ó yàtọ̀ ni!"

Lẹ́yìn àlàyé tó jinlẹ̀ tó báyìí, kò sí ẹni tó tún lè ní ìbéèrè. Ìyá Kóòtù yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"O purọ́ fún mi. Ọdún méjì lo fi purọ́ fún mi."

"Irọ́ wo, Mọ́mì? Mo fi ọ̀rọ̀ bora, mo gbà. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n. Mo ní tẹ́lọ̀ ni ìyá mi, tó bá ti rí àyà, tó rí ìdí, mi ò tún ní láti sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ ní ẹ ti rí i. Ẹ ní ó tẹ́ yín lọ́rùn." Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. "Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún un pé ìyá mi ti mọ̀, ó sì ń ránṣọ fún un."

 Kóòtù náà wà lórí ìkọ́ lára ògiri, ó dúdú, ó ń dán. Nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe, Ìyá Kóòtù mú un, ó nà án sí àlejò. Àlejò gbé e wọ̀. Èjìká kóòtù ń já bọ́ sí apá, bọ́tìnnì iwájú kò fojú kan ihò rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ká jọ sókè ìdí. Iṣẹ́ burúkú gbáà.

"Ó dára mà," ni obìnrin náà wí. "Ẹ ṣé gan-an ni." Kò sì bọ́ ọ.

Ìyẹn ló dun Ìyá Kóòtù jù. Ó mọ irọ́ tí oníbàárà ọmọlúàbí máa ń pa kí ojú má bàa ti tẹ́lọ̀. Ojú tì í. Ó dùn ún pé ọmọ òun sunkún ayọ̀ lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Inú tún ń bí i sí ọmọ náà, ó ń bí i sí ara rẹ̀, ó sì ń bí i sí obìnrin tó dúró tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú aṣọ tí kò bá a mu.

Àǹtí Olóòótọ́ dìde. "Ìyàwó wa, ẹ gbọ́ o. Tí àwọn méjì yìí bá sun ilé yìí mọ́jú, kò sẹ́nì kankan nínú ẹbí wa tó máa fẹsẹ̀ tẹ ibí mọ́. Ẹ sọ fún àdúgbò pé àna yín rìnrìn àjò. Wọ́n á gbàgbé."

Ọmọ gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ má wulẹ̀ dààmú, Àǹtí, à ń lọ. Mọ́mì, mo nífẹ̀ẹ́ yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ fún wọn pé ó rìnrìn àjò, èmi náà ti bá a lọ nìyẹn. Mi ò ní padà wá."

Ìyá Kóòtù mọ irú ọmọ tí òun bí. Kì í halẹ̀. Ó rí ọdún tó ń bọ̀ níwájú, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé, fóònù tí kì í dún lórí tábìlì. 

Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti kan ilẹ̀kùn, ó sì ṣí i kí wọ́n tó dáhùn. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti fi ìtàn àna kún létí. Ó ti fọwọ́, ó ti pààrọ̀ ẹ̀wù.

"Wọ́n ní àna wa ti dé! Ó dà? Ẹ jẹ́ ká kí i." Ó kí ọmọ. Ó kí obìnrin tó wọ kóòtù, ojú rẹ̀ sì fo ìyẹn kọjá lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá inú, ó ń wá ọkùnrin.

Àǹtí Olóòótọ́, ẹni tí kì í parọ́, ṣẹ́jú sí ìyàwó wọn. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu Ìyá Kóòtù: "Ó ti dé, ó kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni." Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Bàbá á kí wọn kú oríire, á máa lọ, ọkùnrin onírùngbọ̀n á máa gbé ayé rẹ̀ lọ ní àdúgbò.

Kò tíì yé e o. Ẹ má retí pé kí n sọ fún yín pé ó ti yé e láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí obìnrin ṣe ń fẹ́ obìnrin, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí òun yóò máa pe àlejò yìí láti ọ̀la lọ, gbogbo rẹ̀ ló ṣókùnkùn sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ dúró níbẹ̀ tòun ti báàgì lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀, ó ń retí "ó" yẹn.

"Òun ló wà nínú kóòtù yẹn," ni Ìyá Kóòtù wí.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé Ìyá Kóòtù ń ṣàwàdà, ó sì tún na ọrùn wo yàrá inú. Ìyá Kóòtù fà á lápá padà.

"Obìnrin ni, Bàbá. Obìnrin ni ọmọ mi ń fẹ́. Ẹ kí i dáadáa."