Ọrùn Gìtá Jùwọ́nlọ

Ọmọ mi Jùwọ́nlọ kú ní oṣù Èrèlé. Gìtá ni ó ń ṣe ní Ìlọrà níbí. Èmi, ilẹ̀kùn àti pósí ni mo fi iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tèmi ṣe. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó fi sílẹ̀ láìparí: gìtá Mùtàlíbù, tíṣà kan ní Awẹ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọ mi gba iṣẹ́, kò parí rẹ̀. Mo ní èmi yóò parí rẹ̀.

Mo gbé rúlà gígùn lé ọrùn gìtá náà. Kò tẹ́jú bá àyà rẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Gbogbo ìgbà ni mo ń bá Jùwọ́nlọ wí lórí àfojúdíwọ̀n. Mo mú ìfági, mo fá ọrùn náà títí ó fi tọ́ gbọnrangandan bí férémù ilẹ̀kùn. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ pátákó pẹlẹbẹ tí ìka ń tẹ okùn mọ́ sórí rẹ̀, mo sì fi irin mẹ́rin fún un pọ̀. Lálẹ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù Jùwọ́nlọ pa. Ọwọ́ mi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ní òwúrọ̀, irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì fún ọrùn náà pinpin. Pátákó kò sí lábẹ́ wọn. Orí tábìlì ni mo ti bá a, ó mọ́ tónítóní, kò sí gọ́ọ̀mù lára rẹ̀ rárá.

Mo tún un lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni.

Mo pe Mùtàlíbù. Ó gun ọ̀kadà dé, ó wo ọrùn náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Ẹ ti sọ gìtá mi di ilẹ̀kùn!"

"Wíwọ́ ni mo bá a."

"Kò wọ́, Bàbá. Jùwọ́nlọ ṣàlàyé fún mi. Ó ní ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń kí àgbà. Bó bá tọ́ báyìí, okùn á máa gbá pátákó, á máa ké bí eṣinṣin inú ìgò."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ó ní ẹ ò bi òun rí."

N kò sọ ohun tí mo ń bá láàárọ̀ fún un. Nígbà tí ó lọ, mo gé igi kan, mo fá a kí ó nípọn díẹ̀ níhà orí, kí ó sì fẹ́lẹ́ bí ewé níhà àyà. Mo lẹ̀ ẹ́ sáàárín ọrùn àti pátákó, kí orí gìtá lè padà síbi tí Jùwọ́nlọ fi í sí. Kí n tó fún irin pọ̀, mo dúró.

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?" ni mo bi Jùwọ́nlọ.

Mo fún irin pọ̀, mo sì ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ní òwúrọ̀, pátákó náà dúró digbí. Mo tú irin. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ tí ó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gbẹ. Àmì àtàǹpàkò kan wà nínú rẹ̀. Mo gbé àtàǹpàkò tèmi lé e. Tèmi tóbi jù.

Nígbà tí Mùtàlíbù wá gbé gìtá rẹ̀, ó fọwọ́ kan ibẹ̀. "Bàbá, ẹ gbàgbé láti ha gọ́ọ̀mù ibí."

"N kò gbàgbé," ni mo wí. "Má ha á."