Ìròyìn Láti Inú Ìkòkò

Bí ènìyàn bá ti ka ìròyìn lórí rédíò fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò ní ṣàì máa rò pé nǹkan kan kò tíì ṣẹlẹ̀ láyé àfi bí òun bá kéde rẹ̀. Ìyá Ìbejì mọ èyí nípa ọkọ rẹ̀, ó sì ti fara mọ́ ọn tipẹ́. Nígbà tó bí àwọn ìbejì, kó tó sinmi tán rárá, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ bí àkọ́kọ́ ṣe wúwo tó àti bí ìkejì ṣe ké tó, pẹ̀lú kókó inú ìròyìn níbẹ̀rẹ̀ àti àkótán níparí.

Olóhùn-Iyọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pe ọkọ náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Bó bá ń béèrè ibi tí ṣíbí wà, ẹ ó rò pé ọba kan ló wàjà.

Ọ̀rọ̀ Màmá, ìyá tó bí Ìyá Ìbejì, ló dá ti ọjọ́ Sátidé yìí sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì, aránṣọ kan tó gbọ́njú mọ́ òfin ju adájọ́ lọ, tó ní òfin fún bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ìnura, tó sì ní òmíràn fún bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí àga. Ìyá Ìbejì wá fẹ́ kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun náà. Yàrá àwọn ìbejì ṣófo láti ìgbà tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ, ìyá kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Ká sọ òótọ́, ó ń wù ú kó máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ohùn náà ṣì wà láti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n kò kọ̀. Ìbéèrè kan ló bi wọ́n.

“Ìwọ nọ́ọ̀sì, aago mẹ́fà lo ń kúrò nílé. Ta ni yóò máa fún Màmá lóúnjẹ ọ̀sán? Eyín mẹ́rin ló kù lẹ́nu wọn, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń ronú àtilọ. Ẹran tí kò bá rọ̀ bí òwú, wọn ò lè jẹ ẹ́.”

“Èmi ni,” ni Olóhùn-Iyọ̀ dáhùn, bí ẹni pé gbogbo ìlú ló ń bi í.

Ẹ̀gbọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn rán. “Ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méjì, mò ń mú Màmá bọ̀. Ẹ se ẹran fún wọn. Bí wọ́n bá rí i jẹ, wọ́n á dúró tì yín. Bí wọn ò bá rí i jẹ, èmi àti wọn la jọ ń padà, ẹ ò sì ní fi ọ̀rọ̀ yìí yọ mí lẹ́nu mọ́.”

Ìkòkò tí wọ́n gbára lé ni èyí tí àwọn ìbejì rà fún bàbá wọn nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ìkòkò amọ̀ dúdú kan ni, ó jókòó sínú ẹ̀rọ oníná, ó ní ìdérí dígí, ó sì máa ń se nǹkan díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Ìkòkò Sùúrù ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Ẹran tí wọ́n fẹ́ sè nínú rẹ̀ ni ẹran màlúù oníyọ̀. Kì í ṣe èyí tó ń gbé inú agolo o. Odidi igẹ̀ màlúù ni, alápatà ti rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti ata oníhóró fún ọjọ́ mẹ́fà, ó ti pọ́n bí ahọ́n. Igẹ̀ kì í gbọ́ ti iná ńlá. Iná kékeré fún wákàtí mẹ́jọ nìkan ló ń gbọ́.

Aago márùn-ún ni Ìyá Ìbejì jí lọ́jọ́ náà. Ó ṣan ẹran lẹ́ẹ̀mejì kí iyọ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀, ó gé àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti pòtétò sísàlẹ̀ ìkòkò, ó gbé ẹran lé wọn lórí, ó da omi sí i títí tó fi mu ún dé ọrùn, ó sì dé e. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́fà, ó ti tan iná sí i. Iṣẹ́ tó kù fún ọkọ rẹ̀, tó gbà láti se ẹran, kò ju kó má ṣe nǹkan kan lọ.

“Bàbá Ìbejì, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má ṣí i.”

“Mo gbọ́.”

“Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ṣí ìdérí yìí, ooru inú rẹ̀ á jáde, á sì tó ààbọ̀ wákàtí kó tó kó ara rẹ̀ jọ. Ìwé tó bá a wá ló sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ọmọdé ni mí ni? Èmi tí mo ka ìròyìn ìdìtẹ̀gbàjọba láìwúkọ́. Ṣé ìkòkò ni n ò wá ní lè wò?”

“Ẹ lè wò ó. Láti ìta.”

Ó bá gba ilé ìwòsàn lọ. Yàrá tí wọ́n ti ń wẹ egbò ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní aago méje géérégé, bó ṣe ń tú báńdéèjì lẹ́sẹ̀ bíríkìlà kan, fóònù gbọ̀n nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wẹ egbò tán, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì yọ fóònù síta. Ọkọ rẹ̀ ló yọjú nínú fídíò, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì. Ilé ìdáná ló wà.

“Aago méje òwúrọ̀ ti lù. Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ènìyàn wa. Èyí ni ìròyìn láti inú ìkòkò.” Ọwọ́ kan nà, ó ṣí ìdérí, ooru sì bo gbogbo ojú fóònù. “Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń wò ó, ẹran ṣì pupa. Àlùbọ́sà kò tíì sọ tẹnu rẹ̀.”

Ó ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rédíò tó fẹ̀yìn tì, lórí Wasáàpù, níbi tí wọ́n fi àwọn ìyàwó náà sí. Ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Àwọn mọ́kànlá ti pàtẹ́wọ́.

Ìyá Ìbejì pè é. “Ẹ ti ṣí i.”

“Kò tó ìṣẹ́jú kan.”

“Mo ní kẹ́ ẹ má ṣí i.”

“Àwọn ènìyàn ń béèrè ni.”

“Àwọn ènìyàn wo?”

“Olùgbọ́,” ni ọkọ dáhùn, pẹ̀lú àánú fún ẹni tí kò mọ ohun tí olùgbọ́ jẹ́.

Ó ṣèlérí pé kò ní tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ mọ̀ pé ìlérí àárọ̀ dàbí ìrì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ka ìròyìn ní gbogbo orí wákàtí, bí ọwọ́ gígùn aago bá sì ti ń sún mọ́ méjìlá, ọ̀nà ọ̀fun a máa yún un. Ní aago mẹ́jọ, ó ṣí i. Ní aago mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣí i, nítorí ọ̀gbẹ́ni tó máa ń ṣètò ohùn fún un nígbà ayé iṣẹ́ wọn kọ̀wé pé òun ò gbọ́ bí ẹran náà ṣe ń hó. Olóhùn-Iyọ̀ wá tẹ fóònù sẹ́nu ìkòkò, ó dákẹ́ tó bí ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè gbọ́ ohùn ẹran. Ẹran kò sọ nǹkan kan.

“Ìyá Ìbejì, ọkọ yín mà dára lójú o,” ni apòògùn ilé ìwòsàn wí. Obìnrin aláwàdà kan ni, ó ti wá yọjú wo fídíò aago mẹ́wàá láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. “Táì yẹn bá ìkòkò mu.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ìwọ̀n.”

“Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ti ṣí i. Wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn. Ẹran tó yẹ kó jinná ní aago méjì ti di ti aago mẹ́rin ààbọ̀.” Apòògùn ronú díẹ̀. “Ẹ ní kó yí iná sókè.”

Ìyá Ìbejì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pè é.

“Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi yí iná yẹn sókè. Ẹ yí i, kẹ́ ẹ sì fi ìdérí sílẹ̀. Màmá mi ni mò ń wí. Ẹran kọ́.”

“Kò ṣe é ṣe.”

“Kí ló dé?”

“Mo ti kéde fún wọn láti aago méje pé iná kékeré la fi ń se é. Ṣé kí n wá padà sórí afẹ́fẹ́ kí n sọ pé irọ́ ni mo pa? Ẹni tí wọ́n bá ti ká irọ́ mọ́ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan…”

Ìyá Ìbejì pa fóònù. Ẹnì kan ń jókòó dè é nínú yàrá pẹ̀lú eéwo. Ó wọlé lọ bá eéwo, ó sì fún un ju bó ṣe yẹ kó fún un lọ. Ó padà bẹ ẹni tó ni eéwo.

Aago kan kọjá díẹ̀ ló dé ilé. Ó bá ọkọ rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó fi épírọ́ọ̀nù bo ṣẹ́ẹ̀tì, fóònù sì fara ti agolo ṣúgà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ti aago kan tán ni. Ìyá Ìbejì kò bọ́ bàtà. Ó mú fọ́ọ̀kì, ó gún ẹran náà, fọ́ọ̀kì sì padà sẹ́yìn bí ẹni tó kanlẹ̀kùn ilé tí wọn kò sí nílé. Ó jókòó sórí àpótí.

“Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ṣí i lápapọ̀?”

“N ò kà á.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni. Mo wà nínú ẹgbẹ́, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹran yìí tó máa jinná. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní aago méjì.”

Olóhùn-Iyọ̀ wo ìkòkò, ó wo aago ara ògiri. Ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn tí kò ní ìròyìn kankan.

Ẹ̀gbọ́n kì í pẹ́. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méjì lù nígbà tó ti Màmá síwájú wọlé. Màmá kéré, ó nà gbọnrangandan, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó sì ń fi imú wá ibi tí òórùn ẹran ti ń jáde. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Ìyá Ìbejì gé díẹ̀ lára ẹran náà wẹ́wẹ́, ó tún un gé, bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe ohun tí iná kò ṣe. Màmá fi ẹyọ kan sẹ́nu.

Ó jẹ ẹ́ sápá ọ̀tún, ó gbé e lọ sápá òsì. Ó dúró, ó sinmi, ó tún padà sí i. Níkẹyìn ó mú un jáde, ó tẹ́ ẹ sétí àwo, ó sì wò ó bí ẹni tó fẹ́ bi í léèrè ọmọ ẹni tó jẹ́.

“Ó dùn,” ni Màmá wí. “Ṣùgbọ́n kò gbà fún mi.”

“Ó parí,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. Kò tilẹ̀ fi yọ̀.

“Alápatà ló tàn wá jẹ,” ni Olóhùn-Iyọ̀ sọ, pẹ̀lú ohùn tí ìlú gbogbo fọkàn tán fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. “Màlúù arúgbó ló tà fún wa.”

“Màlúù arúgbó, ẹnu arúgbó,” ni Màmá dáhùn. “Ó yẹ kí wọ́n mọ ara wọn.”

Ìyá Ìbejì kò lè gbà á mọ́. Ó fa fóònù yọ, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀, ó tẹ ìròyìn aago méje. Ó tẹ ti mẹ́jọ. Ó tẹ méjèèjì ti aago mẹ́sàn-án. Ohùn ńlá kan gba gbogbo yàrá látinú fóònù, ìdérí sì ń dún kóó, kóó, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ni ohùn náà ń wo táì rẹ̀.

“Ẹ ò rí i pé kò sẹ́bi ẹran,” ni Ìyá Ìbejì wí. “Iná wà, omi wà, èmi ni mo gbé e kaná pàápàá. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ò ju kí wọ́n jókòó.”

“Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Bí wọn ò bá lè fi ìkòkò sílẹ̀ kó jinná, báwo ni wọ́n ṣe máa tọ́jú ènìyàn? Màmá, ẹ dìde ká máa lọ. Mo ní oníbàárà tó ń bọ̀ wá wọ aṣọ ìgbéyàwó wò ní aago mẹ́ta.”

Màmá kò dìde. Ó ní kí wọ́n tún fi ti aago mẹ́sàn-án kejì hàn òun, èyí tí wọ́n ti ń tẹ́tí sí ẹran. Ó wò ó tán.

“Ẹ dá a padà sínú ìkòkò,” ló wí. “Kẹ́ ẹ gbé àga mi lọ síbẹ̀.”

“Màmá, aago mẹ́fà ló máa jinná.”

“Ṣé mo ní kí o dúró?”

“Ẹ ò lè jẹ ẹ́.”

“Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ dúró dè é.” Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀ àgbà. “Ní ilé tìrẹ, ọmọ mi, oúnjẹ máa ń wà lórí tábìlì kí ebi tó pa mí. O ṣeun. Ọdún mẹ́ta, mi ò rí ohun tí mo lè sọ pé ẹ má ṣe é báyìí, ẹ ṣe é báyìí. Gbogbo ẹ̀ ló ti wà létòlétò. Ibí yìí,” ó nàka sí àna rẹ̀, “wọ́n nílò ẹni tó máa ṣọ́ èyí.”

Kò sí òfin kan nínú ti Ẹ̀gbọ́n tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ó mú báàgì rẹ̀, ó ní òun ń lọ, ó ní kí wọ́n má pe òun bí inú bá ń run Màmá, ó sì padà láti ẹnu ọ̀nà wá sọ oògùn tí Màmá ń lò àti wákàtí tó ń lò ó.

Ìyá Ìbejì yí iná sókè fúnra rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Màmá jókòó ti ìkòkò, ó fi ọ̀pá dábùú orí ìdérí. Ní aago mẹ́ta, ọkọ Ìyá Ìbejì yọ́ wọlé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màmá, àwọn ènìyàn ń dúró.”

“Kí wọ́n jókòó.”

Ní aago mẹ́rin, ó ní ìdérí náà fẹ́ nínù. Ọ̀pá bà á lọ́mọ ìka. Ní aago márùn-ún, kò yọjú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tó ń ka nǹkan fún ara rẹ̀ nínú yàrá pẹ̀lú ohùn kékeré.

Nígbà tí aago mẹ́fà lù, fọ́ọ̀kì wọ inú ẹran bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀, igẹ̀ náà sì tú fọ́nrán fọ́nrán fúnra rẹ̀. Màmá jẹ àkọ́kọ́, ó jẹ ìkejì, kò sì mú ìkankan jáde. Ìyá Ìbejì lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ó ti rọ̀.”

“Jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀.”

“Wọ́n ń jẹun ni.”

Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ kan dún lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n, ó dúró. “Aṣọ wọn tó wà lára okùn kò tíì gbẹ,” ló wí níkẹyìn. “Tó bá di ọ̀la, màá lọ̀ wọ́n, màá kó wọn wá. Má fi ọṣẹ tó lágbára fọ̀ wọ́n o.”

Ìyá Ìbejì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀ kó tó padà wọlé. Nínú ilé ìdáná, fóònù ti tún fara ti agolo ṣúgà. Ọkọ rẹ̀ ti tún táì so. Màmá wà níwájú rẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀kì ẹran sókè, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì ń bi àna rẹ̀ bóyá òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tàbí ọkùnrin náà ni.

“Ẹ̀yin lẹ máa ka kókó ìròyìn, Màmá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ ti sọ̀rọ̀ jù láti àárọ̀.”

Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ẹnì kejì kún un.

“Ìyá Ìbejì,” ni Màmá pè é, kò tilẹ̀ yíjú, “yẹra lẹ́nu ọ̀nà. O ń dí ìmọ́lẹ̀ wa.”