Àwòrán Òkun fún Gbọ̀ngán Èbúté

Àwọn tó ń fi fóònù ya fótò létí odò ni obìnrin yìí kì í rí kí inú rẹ̀ má ru. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tán, tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, á bá wọn níbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n á kẹ̀yìn sí omi, wọ́n á yọ ètè síta, wọ́n á máa ya ara wọn. Odò ńlá wà lẹ́yìn wọn, oòrùn ń wọ̀ lórí rẹ̀, imú ara wọn ni wọ́n ń yà. Á pòṣé, á dúró títí gbogbo wọn á fi lọ, kó tó gbé kámẹ́rà sójú. Kò fẹ́ rí èèyàn kankan nínú àwòrán rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ojú èèyàn ló ń bọ́ ọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń ya fótò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé, nínú yàrá kan tó ta aṣọ funfun sẹ́yìn àga. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín." Ìyá Páspọ́ọ̀tù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì kórìíra orúkọ náà dé góńgó. Àwọn àwòrán tó fẹ́ràn wà nínú dúrọ́ọ̀: ilé alájà mẹ́tàlá, afárá, etíkun lásìkò òjò, ọ̀nà etí odò. Kò sẹ́ni tó gbé ẹyọ kan kọ́ sára ògiri rí. Ohun tó sì ń wá láyé nìyẹn, kí ẹlòmíràn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé èyí lòun fẹ́, kó kàn án mọ́ ògiri.

Àfi bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe dé láti ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀ ní èbúté. Wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngán tuntun, ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà sì ṣófo. Ohun tí wọ́n kọ ni: "E jowo, e ba wa ya aworan okun. Eyi to ba dara ju la maa gbe ko."

Kò sí àmì lórí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Obìnrin náà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ wo ìwé kíkọ," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Orúkọ bàbá wọn gan-an, wọn ò lè kọ ọ́ kó já geere."

"Ṣáà bá wọn ya ohun tí wọ́n fẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n fẹ́? Èmi ni màá fi hàn wọ́n."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ náà rí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gbà. Fóònù ló ń tún ṣe, fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ló sì fi ń ya fótò. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọlé ọkọ ló ti ń pè é ní Akọ̀wé, torí kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Lẹ́nu rẹ̀, oyè náà ti di èébú.

"Ìyàwó wa," ni Akọ̀wé wí, ó fara ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, "ẹ jẹ́ ká jọ lọ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an."

"Akọ̀wé, ẹ máa lọ. Èmi mọ òkun. Omi ni, ó pọ̀, ó sì níyọ̀."

"Mo ṣáà ní ká béèrè ni."

"Ẹ bá mi béèrè bóyá ó ṣì wà níbẹ̀."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni obìnrin náà fi ń jí lọ sétíkun. Á dùbúlẹ̀ lórí òkúta, omi á rin aṣọ rẹ̀ gbingbin. Àwọn apẹja kí i títí ó fi sú wọn, kò dá wọn lóhùn, ìgbì ló ń kà. Lọ́jọ́ kọkànlá, ìgbì kan dìde, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ò ya irú rẹ̀ rí. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní fífẹ̀, ó fi férémù dúdú sí i, bó sì ṣe ń nu gíláàsì rẹ̀, orin ló ń kọ. Ọkọ rẹ̀ yọjú wò ó láti yàrá, kò gbà á gbọ́.

Òórùn ọ̀dà ṣì wà nínú gbọ̀ngán náà lọ́jọ́ tó gbé e dé. Alága jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí ìka rẹ̀ kan ti gé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Akọ̀wé ti dé ṣáájú. Obìnrin náà ṣí aṣọ kúrò lójú àwòrán. Alága sún mọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn.

"Màmá, ó dára. Ó dára débi pé ó ń bà mí lẹ́rù." Ó wo ẹ̀yìn férémù bí ẹni ń wá nǹkan. "Okùn wá dà?"

"Òkun náà nìyí."

"Rárá o, okùn. Okùn tí a fi ń so ọkọ̀."

Obìnrin náà wo Akọ̀wé kó lè rí i níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàtà ara rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò. Àwòrán tirẹ̀ wà lórí tábìlì: okùn ńlá kan tó ti gbó, ó wé mọ́ irin lọ́nà mẹ́rin, ọwọ́ mẹ́ta dì í mú ṣinṣin, ìka kan sì dín lára ọ̀kan. Ó wá àbùkù sí i. Lápá òsì, ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀. Kò rí òmíràn.

"Ẹ ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ," ó wí.

"Òótọ́ ni, ẹ má bínú. Ìwé wa ò pọ̀. A rò pé ẹ máa mọ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ okùn niṣẹ́ wa." Alága mí kanlẹ̀. "Ojoojúmọ́ là ń rí òkun, màmá. Ó ti gbé mẹ́ta lọ nínú wa. Àwọn ìyàwó wọn máa ń wá sípàdé níbí. A ò lè gbé e kọjú sí wọn lẹ́nu ọ̀nà."

Obìnrin náà la ẹnu, kò rí ẹni tó máa pòṣé sí. Ojú tì í, ó tì í gan-an.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbé padà," ni Alága wí. "Ògiri kan wà lẹ́yìn, lọ́nà ilé ìyàgbẹ́. Gbogbo wa là ń gba ibẹ̀. Tẹ́ ò bá ní bínú."

Ẹnì kan wúkọ́ lórí bẹ́ǹṣì kó má baà rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé dìde kíá, torí ó mọ irú ẹnu tí ìyàwó wọn ní.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e délé."

Obìnrin náà di férémù náà mọ́ àyà, ó wo Alága.

"Ṣé iná wà níbẹ̀?"

"Gílóòbù kan wà níbẹ̀."

"Ẹ bá mi wá ìṣó," ó wí, ó sì gba ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ lọ.