Omi Kànáfùrù

Dinah sún ìborí rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì tẹrí ba kí Modinat lè rí i dáadáa. Ibi tí irun rẹ̀ ti ń já láti ìgbà tó ti bímọ ti pọ́n, awọ ibẹ̀ sì ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

"Ó ń ta mí, Ìyá Ridwan," ló wí, tayọ̀tayọ̀. "Ìyẹn ni pé ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi wọn òmíràn, kẹ́ ẹ sì fi ènì sí i o."

Modinat ti mú ife tó fi ń wọn kànáfùrù, àmọ́ kò tíì bù ú.

"Báwo lẹ ṣe ń lò ó, Tíṣà?"

"Mo sè é títí tó fi dúdú. Mo fi pa orí, mo fi ọ̀rá wé e, mo sùn. Ọmọ inú fídíò yẹn ní tó bá ti ń ta èèyàn, gbòǹgbò irun ló ń jí."

Tẹ́lẹ̀, àwọn alágbo àti àwọn tí eyín ń dùn nìkan ló ń ra kànáfùrù lọ́wọ́ Modinat lọ́jà Ìlaròó. Àpò kékeré kan a máa pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí eruku yóò fi bò ó. Àfi bí àwọn ọmọge ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tẹ̀ lé wọn àwọn ìyàwó ilé, kódà àwọn ọkùnrin apárí. Wọn kì í béèrè orúkọ ọjà. Wọ́n á kàn na fóònù sí i pé, "Èyí tí arábìnrin yìí ń lò." Nínú fídíò, arábìnrin náà á jókòó síwájú ògiri funfun, á kọ́kọ́ kí àwọn ará òdìkejì bodè lédè Faransé pé "bọ̀ǹjúù", lẹ́yìn náà á tú irun rẹ̀ sílẹ̀. Irun náà á bò ó léjìká, dúdú, ó kì bí igbó tẹ́nìkan ò dá oko sí rí.

Modinat kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àbúrò òun ni. Asiyah, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń gbé ní Owódé. Ọjà ń tà, inú rẹ̀ sì ń dùn. Kí ló wá fẹ́ máa sọ?

Ṣùgbọ́n orí Dinah wà níwájú rẹ̀ báyìí.

"Ẹ fún mi níṣẹ́jú kan, Tíṣà." Ó bọ́ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ó pe Asiyah.

"Ẹnì kan wà lọ́dọ̀ mi níbí tí orí rẹ̀ ti bó."

"Á jẹ́ pé ó lò ó jù nìyẹn. Ẹ ní kó bomi là á."

"Ṣé o sọ fún wọn pé dàda ni wọ́n bí ẹ?"

Asiyah rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bi mí? Mi ò purọ́ o. Kànáfùrù ni mo fi ń fọ irun mi lóòótọ́."

"Irun yẹn ti kún orí ẹ kó o tó mọ ohun tó ń jẹ́ kànáfùrù."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ń sọ fún àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ yín?"

Modinat pa fóònù. Òun ló máa ń pọn Asiyah nígbà tí irun ọmọ náà ṣì ta kókó, tẹ́nìkan kò gbọ́dọ̀ fi òòyà kàn án. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, bàbá wọn fi ẹ̀wà àti ìrèkè ṣe sàárà, Modinat ló sì gbé àwo kiri àdúgbò. Kò pẹ́ tí irun mìíràn fi hù, ó sì nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àdí nìkan ni ìyá wọn fi ń pa á. Àdí kan náà ló fi ń pa ti Modinat.

Ó padà síwájú ìsọ̀.

"Tíṣà, mi ò ní tà á fún yín. Ẹ jẹ́ kí egbò yẹn jinná ná."

"Ṣé ó ti wọ́n sí i ni? Ẹ dá iye lé e, ẹ má fi pamọ́ fún mi."

"Kò wọ́n. Àbúrò mi ni ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn. Dàda ni wọ́n bí i. Orí ló gbé irun yẹn wá sáyé."

"Àbúrò yín?" Dinah wò ó. Ojú rẹ̀ gòkè lọ síwájú orí Modinat, níbi tí gèlè ti sún, tí irun sì ti ṣí bí ọ̀nà oko. Ó rọra rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti àgbà. "Ẹ má bínú o, Ìyá Ridwan. Ká ní àbúrò yín ni, ṣé á jẹ́ kí orí yín rí báyìí?"

Ó fa ìborí rẹ̀ padà bo orí, ó sì sọdá sí ìsọ̀ Ìyá Alfred, tí òun náà ń ta kànáfùrù. Modinat ń wò ó bó ṣe ń na fóònù. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ìyá rẹ̀ a máa sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà.

Ó fi àpò bo abọ́ kànáfùrù. Gbogbo ẹni tó bá béèrè, ó ń sọ fún wọn pé ó ti tán. Òórùn rẹ̀ ṣì ń ta sánsán lábẹ́ àpò. Wọ́n á fínmú, wọ́n á wò ó tìfura-tìfura, wọ́n á lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó ru abọ́ náà wálé. Á dá a padà fún àwọn tó ń kó o wá láti Kútọnu. Ó gbé omi ìwẹ̀ kaná, ó tú gèlè, ó sì dúró síwájú dígí tó wà lára ògiri. Kò wo ara rẹ̀ báyìí rí. Ó fi ìka tọ iwájú orí láti etí kan dé èkejì.

*Ká ní àbúrò yín ni.*

Omi ti ń hó. Ó bu kànáfùrù díẹ̀ sí i, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́, kì í ṣe bíi ti Dinah. Omi náà pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó bomi tútù là á, ó rọra dà á síwájú orí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí, ó di ojú, ó ń retí kó ta òun.